Ìjọba Pẹ̀lú Gbọ́dọ̀ Fi Òfin Hàn: Ẹjọ́ Olúwa àti Ẹjọ́ Elékòó ní Privy Council

Ní àkókò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣèjọba lé Nàìjíríà lórí, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fún orílẹ̀-èdè yìí kò sí ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí níbì kankan lórí ilẹ̀ Áfíríkà. London ni ó wà. Ìgbìmọ̀ adájọ́ Privy Council ni wọ́n ń pè é, òfin ọdún 1833 ni ó sì gbé e kalẹ̀ láti máa gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Èkó kò bá tẹ́ lọ́rùn, tí ó sì ní owó àti sùúrù, lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ sọdá òkun lọ síbẹ̀. Àwọn adájọ́ náà kì í tilẹ̀ pe ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ní àṣẹ. Ìmọ̀ràn fún ọba ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí gómìnà kankan kò gbọdọ̀ tàpá sí ni.

Láàárín ọdún 1921 sí 1931, ẹjọ́ ńlá méjì láti Èkó dé iwájú àwọn adájọ́ yìí. Ọ̀kan dá lórí ilẹ̀, èkejì dá lórí oyè àti òmìnira ẹni tó jẹ oyè náà. Nínú méjèèjì, ìjọba amúnisìn ni ilé ẹjọ́ bá wí. Ìbéèrè kan náà ni ó sì wà nídìí àwọn ẹjọ́ méjèèjì: ṣé ó tó kí ìjọba kàn sọ pé òun ní àṣẹ, àbí ó di dandan kí ó fi òfin tó gbé àṣẹ náà lé e lọ́wọ́ hàn?

Ohun tí Dòsùnmú fi sílẹ̀

Kí ẹjọ́ ilẹ̀ náà tó lè yé ènìyàn, a ní láti padà sí ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861. Ọjọ́ náà ni Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó sábẹ́ Ọbabìnrin Victoria. Kì í ṣe tinútinú ni ọba fi ṣe é. Ọkọ̀ ogun Prometheus wà lójú omi, gbogbo ìlú sì mọ ohun tí ó wá ṣe. Ìwé náà sọ pé ọba ti fi èbúté àti erékùṣù Èkó sílẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀tọ́ àti èrè tó rọ̀ mọ́ wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan ti gbà pé ilẹ̀ Èkó pátá ti di ti ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìtàn Èkó mọ̀ pé ọba kọ́ ni ó ni ilẹ̀. Àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun tí wọ́n jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ Olófin, ni ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn kí ìdílé ọba tó wá jókòó sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ààfin fúnra rẹ̀, Ìgá Ìdúngánrán, ìtàn sọ pé orí oko ata Arómirẹ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Bí ọba bá fi ilẹ̀ Èkó tọrẹ, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó fi tọrẹ. Àwọn olóyè náà pẹ̀lú kì í sọ pé ilẹ̀ jẹ́ tàwọn nìkan. Ẹbí ni ó ni ín, àti òkú àti ààyè, àti àwọn tí a kò tíì bí. Olóyè ni ó ń mójú tó o, òun ni ó ń pín in fún ọmọ ẹbí àti àlejò, òun sì ni ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lórúkọ gbogbo ilé.

Ẹjọ́ ilẹ̀ Apápá

Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Apápá fún ìlò gbogbogbò. Òfin ọdún 1903 ni wọ́n tẹ̀ lé, òfin náà sì sọ pé ẹni tí a bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba owó. Olóyè Ìdẹ́jọ tó ń mójú tó ilẹ̀ náà ni Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó. Kí òǹkàwé má ṣì í gbọ́: orúkọ oyè ni Olúwa níbí, kì í ṣe orúkọ Ọlọ́run. Àmọ́dù Tìjání béèrè owó gbogbo ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣojú àwọn tó ni ín.

Adájọ́ àgbà Edwin Speed kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí Olúwa ní kì í ṣe ilẹ̀, bí kò ṣe ẹ̀tọ́ láti ṣàkóso ilẹ̀ àti láti gba ìwọ̀nba ohun tí àwọn tó ń lò ó bá mú wá. Ẹ̀tọ́ kékeré yìí nìkan ni ìjọba yóò sanwó fún. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé iwájú àpapọ̀ àwọn adájọ́ Èkó, wọ́n gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ńṣe ni ó dà bí ẹni pé wọ́n gba ilé lọ́wọ́ onílé, tí wọ́n wá ka owó alámòójútó lé e lọ́wọ́, tí wọ́n ní ìyẹn tó.

Gbogbo àwọn ẹbí onílẹ̀ tó kù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí Apápá. Bí Olúwa kò bá ni ilẹ̀, a jẹ́ pé Oníru kò ni ín, Ọlọ́tọ̀ kò ni ín, Arómirẹ pàápàá kò ni ín. Ibi tí ìjọba bá nawọ́ sí, yóò gbà á ní ẹ̀dínwó.

Ní ọdún 1920, Àmọ́dù Tìjání wọ ọkọ̀ lọ sí London. Herbert Macaulay bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni Macaulay, ó sì ti ṣiṣẹ́ awọnlẹ̀ fún ìjọba rí, nítorí náà kò sí ohun tí ó fẹ́ jẹ́ àjèjì sí i nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Èkó. Ó mú ọ̀pá àṣẹ Elékòó lọ́wọ́ lọ. Ọ̀pá yìí ni yóò bí ẹjọ́ kejì.

Ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1921 ni ìdájọ́ jáde. Viscount Haldane ni ó kà á, ohun mẹ́ta pàtàkì ni ó sì wà nínú rẹ̀.

Èkíní, ó kìlọ̀ fún àwọn adájọ́ òyìnbó pé kí wọ́n ṣọ́ra. Ó ní wọ́n máa ń fi ojú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ẹ̀tọ́ ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn láìmọ̀, àṣìṣe sì ni. Ohun tó tọ́ ni kí adájọ́ kọ́kọ́ wádìí ohun tí àṣà ibẹ̀ wí. Ó sì tọ́ka sí ìwé tí Adájọ́ Àgbà Rayner ti kọ ní 1898, tí ó sọ nínú rẹ̀ pé àwùjọ, abúlé tàbí ẹbí ni ó ni ilẹ̀ ní apá ibí yìí, àti pé bí wọ́n bá tilẹ̀ ń pe olóyè ní onílẹ̀, alámòójútó fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ni.

Èkejì, ó yẹ ìwé 1861 wò. Ó ní lóòótọ́ ni àṣẹ ìkẹyìn lórí ilẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìyípadà ìjọba kò pa ẹ̀tọ́ onílẹ̀ rẹ́. Ẹni tó gba ìlú kò tíì gba ilẹ̀ onílẹ̀ nípa bẹ́ẹ̀. Bí ìjọba bá sọ pé òun gbà á, kí ó fi ibi tí ó ti gbà á hàn.

Ẹ̀kẹta, ó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣírò owó Apápá gẹ́gẹ́ bí owó ilẹ̀ tí onílẹ̀ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì san án fún Olúwa lórúkọ gbogbo àwùjọ tó ń ṣojú fún, kí ó lè pín in bí àṣà ti là á kalẹ̀. Kò ní jẹ́ owó ìtùnú lásán; iye ohun tí wọ́n gbà gan-an ni. Ìjọba san £22,500.

Ó yẹ kí a mọ bí èyí ti tóbi tó. Ní ọdún 1918, ọdún mẹ́ta péré ṣáájú, ilé ẹjọ́ kan náà ti dá ẹjọ́ ilẹ̀ Rhodesia, èyí tó di Zimbabwe lónìí. Níbẹ̀, àwọn adájọ́ sọ pé àwọn ènìyàn kan wà tí ètò ìgbésí ayé wọn rẹlẹ̀ débi pé a kò lè ka ẹ̀tọ́ wọn mọ́ ẹ̀tọ́ tí òfin ọ̀làjú mọ̀. Wọ́n ní ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni ilẹ̀ náà. Ní 1918, ilé ẹjọ́ wọn àwọn ènìyàn sórí òṣùwọ̀n òyìnbó. Ní 1921, ó béèrè ohun tí àwọn ènìyàn fúnra wọn mọ̀ sí ẹ̀tọ́. Ìyàtọ̀ ìbéèrè ni ó fa ìyàtọ̀ ìdájọ́.

Síbẹ̀, kí a má sọ ju bó ṣe rí lọ. Àṣẹ ìkẹyìn lórí ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, agbára láti gba ilẹ̀ pẹ̀lú òfin sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 1926, nígbà tí Ọba Sobhuza ti Swaziland gbé ẹjọ́ ilẹ̀ tirẹ̀ wá, ilé ẹjọ́ náà mẹ́nu ba ẹjọ́ Olúwa, ṣùgbọ́n ó dá Sobhuza lẹ́bi, ó ní ìjọba ní agbára láti fòpin sí ẹ̀tọ́ náà. Ìdájọ́ 1921 kò ti ilẹ̀kùn mọ́ agbára. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi iye owó sí ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀pá tó di ẹjọ́

Nígbà tí Macaulay dé London pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ, ìwé ìròyìn ibẹ̀ gbé e pé ẹni tó ni ọ̀pá náà jẹ́ ọba lórí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn. Inú bí ìjọba ní Èkó. Wọ́n ní kí Ọba Èṣùgbàyí, Elékòó ìgbà náà, rán akéde káàkiri ìlú pẹ̀lú agogo láti tako ọ̀rọ̀ Macaulay. Ọba kọ̀. Ní òpin ọdún 1920, ìjọba kéde pé àwọn kò kà á sí Elékòó mọ́, wọ́n sì dá owó tí wọ́n ń san fún un dúró.

Ọ̀rọ̀ náà pín Èkó sí méjì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1925, apá kan nínú ìdílé Dòsùnmú kéde pé àwọn ti rọ Èṣùgbàyí lóyè. Ìjọba gbá ọ̀rọ̀ náà mú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n pàṣẹ pé kí ó kúrò ní Èkó, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ìbíkúnlé Akítóyè ni wọ́n fi joyè. Nígbà tí ìyẹn wàjà ní 1928, Sànúsí Olúsì ni ó bọ́ sípò rẹ̀.

Òfin tí ìjọba gùn lé ni òfin ọdún 1917 lórí àwọn olóyè tí a rọ̀. Òfin náà gba gómìnà láàyè láti lé olóyè jáde nílùú bí nǹkan mẹ́ta bá pé: kí ó jẹ́ olóyè lóòótọ́, kí wọ́n ti rọ̀ ọ́, kí àṣà ìlú náà sì béèrè pé kí ẹni tí a rọ̀ lóyè fi ìlú sílẹ̀.

Àwọn agbẹjọ́rò Èṣùgbàyí lọ sí kóòtù. Ohun tí wọ́n béèrè fún ni àṣẹ àtijọ́ kan nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, tó fi dandan lé e pé ẹni tó bá de ènìyàn mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wá síwájú adájọ́ láti ṣàlàyé ìdí. Adájọ́ kan ní Èkó kọ̀. Wọ́n tọ òmíràn lọ. Wọ́n ní nígbà tí ọ̀kan ti kọ̀, ó parí. Èyí gbé ẹjọ́ náà dé London nígbà àkọ́kọ́. Ní 1928, Privy Council dáhùn pé adájọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ojúṣe láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹni tí wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti lò kí wọ́n tó rí ẹ̀tọ́ pé kí ẹnìkan tilẹ̀ gbọ́ wọn. Nínú ọdún yẹn kan náà, Macaulay lọ sẹ́wọ̀n nítorí ìròyìn tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé nípa ọ̀tẹ̀ láti pa Elékòó.

Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ ẹjọ́ náà ní Èkó, ìjọba ní kò yẹ kí kóòtù máa yẹ iṣẹ́ gómìnà wò. Wọ́n ní bí gómìnà bá ti fọwọ́ sí ìwé pé nǹkan mẹ́ta náà pé, ó pé náà nìyẹn. Kóòtù Èkó gbà. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wà tó bá ìgbésẹ̀ yìí mu: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó lé ọba jáde náà ni ó tún fẹ́ jẹ́ ẹlẹ́rìí, òun náà ni ó sì tún fẹ́ jẹ́ adájọ́.

Ìdájọ́ 1931

Ní oṣù Kẹta ọdún 1931, Lord Atkin ka ìdájọ́ Privy Council. Ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba kankan kò lágbára láti fọwọ́ kan òmìnira tàbí ohun ìní ẹni tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, àfi bí ó bá lè fi hàn níwájú ilé ẹjọ́ pé òfin gbà á láàyè. Iṣẹ́ adájọ́ ni láti dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ni ó wà ní òdìkejì. Nítorí náà, kóòtù Èkó gbọ́dọ̀ wádìí nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ṣé olóyè ni, ṣé wọ́n rọ̀ ọ́ lóòótọ́, ṣé àṣà sì wà tó ní kí ó fi ìlú sílẹ̀?

Lórí ìbéèrè kẹta, Atkin sọ ohun kan tí àwọn amòfin Nàìjíríà kò tíì gbàgbé títí di òní. Nínú ẹjọ́ náà ni ó ti jẹ yọ pé láyé àtijọ́, ikú ni ó ń kan ọba tí a bá rọ̀, àti pé lílé e kúrò nílùú ni ìyà náà ti rọ̀ dà. Atkin ní ilé ẹjọ́ lè kọ àṣà tó bá burú jáì, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe kí ó di èyí tó rọrùn. Àwọn tó ni àṣà nìkan ni ó lè yí i padà, nítorí ìfọwọ́sí wọn ni ó ń sọ àṣà di àṣà. Ìjọba kò lè gbé àṣà ìlú wọ̀ bí ẹ̀wù kí ó sì gé apá rẹ̀ bí ó ti wù ú.

Àwọn adájọ́ kò sọ pé Èṣùgbàyí ni Elékòó. Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà sí Èkó kí wọ́n wádìí rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìwádìí náà kò wáyé. Gómìnà tuntun, Donald Cameron, gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù Kẹfà ọdún 1931, ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó sì gbà kí Èṣùgbàyí padà wálé láti Ọ̀yọ́. Sànúsí Olúsì kúrò ní ààfin. Ọdún mẹ́fà ni ọba ti lò lẹ́yìn odi. Ó wàjà ní ọdún 1932, nígbà tí kò tíì lo ọdún méjì lórí ìtẹ́ tí wọ́n dá a padà sí.

Ohun tó kù nínú ìdájọ́ méjèèjì

Ẹjọ́ méjèèjì rin ìrìn àjò jìnnà. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Kánádà ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Nisga'a ní 1973, ẹjọ́ Olúwa wà lára ohun tí àwọn adájọ́ yẹ̀ wò. Ti Australia tún gbé e yẹ̀ wò ní 1992 nínú ẹjọ́ Mabo, èyí tó fòpin sí irọ́ pé ilẹ̀ náà kò ní olówó kí òyìnbó tó dé. Atkin ní tirẹ̀ di ìlànà òmìnira mú títí: ní 1941, nígbà ogun, òun nìkan nínú adájọ́ márùn-ún ni ó kọ̀ láti gbà pé ọ̀rọ̀ mínísítà tó láti fi ènìyàn sí àtìmọ́lé. Nàìjíríà jáwọ́ nínú gbígbé ẹjọ́ lọ sí London nígbà tí ó di orílẹ̀-èdè olómìnira tó ní ààrẹ ní 1963. Ní 1986, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà bá ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wí, nítorí pé wọ́n lé Odumegwu Ojukwu jáde nínú ilé kan nígbà tí ẹjọ́ lórí ilé náà ṣì wà ní kóòtù. Ìlànà 1931 kò tíì kú.

Ti ìlànà 1921 ni ó ṣòro jù. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, tí ìjọba ológun ṣe, fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà, kí ó máa dì í mú fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Bí gómìnà bá gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbogbò, òfin ní kí ó sanwó ilé tó wà lórí rẹ̀ àti irè oko tó wà nínú rẹ̀. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kìkì iye owó ilẹ̀ tí ẹni náà san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á ni yóò rí gbà. Ẹbí tí kò san irú owó bẹ́ẹ̀, tí kò kọ́lé, tí kò sì dáko sórí ilẹ̀ baba wọn, kò ní ohun kan láti retí lórí ilẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi ọdún méjèèjì wé ara wọn. Ní 1921, níwájú àwọn adájọ́ òyìnbó, Àmọ́dù Tìjání gba owó gbogbo ilẹ̀ Apápá fún àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba amúnisìn. Lónìí, ẹbí tó ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè gba irú owó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fọwọ́ ara wọn kọ. Speed sọ ní Èkó pé alámòójútó lásán ni onílẹ̀. London ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Òfin 1978 dá ọ̀rọ̀ Speed padà sílé, ó sì fi gómìnà sí ipò tí olóyè wà tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé nígbà tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ olóyè, ọmọ ẹbí mọ ilé tí yóò lọ láti béèrè ìpín tirẹ̀.